Ọmọ Òrukàn tí Bàbá Rẹ̀ Kú sí Ìdálẹ̀: Iṣẹ́ Ẹ́ḿbásì àti Iṣẹ́ Tiwa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń yọ sàká, ní Ìjù)

  



Nígbà tí mo sọ àkòrí ọ̀rọ̀ yìí fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alhaji, ẹ má bínú sà, kí ló da ọmọ òrukàn Ìjù pọ̀ mọ́ ẹ́ḿbásì?” Mo ní kó jẹ́ kí n dé orí ìdúró ná. Mo ti dé ibẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, arábìnrin kan wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ọmọ Ìjù níhìn-ín ni. Ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọkọ rẹ̀, òun ló sì mú un lọ sí ìlú Bouaké ní Côte d’Ivoire. Ẹni tó bá mọ àwọn ará Èjìgbò yóò mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti di ilé kejì fún wọn láti ayé àwọn Faransé. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ọkùnrin yìí ń tà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ló mú un lọ. Àwọn mùsùlùmí sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, onílé ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò sọ pé owó òun ni gbogbo ọjà tó wà nínú rẹ̀. Arábìnrin wa kò ní ìwé kankan tó lè fi jà. Wọ́n so yìgì wọn, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí pásípọ́ọ̀tì ọkọ rẹ̀ ti kọjá láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ méjì tí wọ́n bí sí Bouaké kò ní ìwé ìbí.

Wọ́n ní kó lọ sí ẹ́ḿbásì wa ní Abidjan. Láti Bouaké dé Abidjan tó nǹkan bí 350 kìlómítà. Opó ni, ó wà nínú ìdá, ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní owó ọkọ̀. Kò lọ. Àwọn ará ìlú rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n fi í sínú ọkọ̀, ó sì gba Gánà, Tógò àti Bìnì wálé. Àpò kan ṣoṣo ló gbé dé.

Láti ọjọ́ náà, àpò ẹgbẹ́ wa ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta yìí. Ó tọ́, ó yẹ, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń mú owó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bàbá wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ogún rẹ̀ ìbá ti san owó yẹn. A ń fi sàká dí ihò tí àìsí ìwé gbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kò ju èyí lọ: ọmọ òrukàn tí ogún rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ wa lórí rẹ̀ ni láti bá a gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí a tó na ọwọ́ sí àpò sàká.

Ja‘far àti àwọn ọmọ rẹ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Nígbà tí ìyà pọ̀ ní Mẹ́kà, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ní kí àwọn kan lọ sí ilẹ̀ Habasha, èyí tí a ń pè ní Ethiopia lónìí, sọ́dọ̀ ọba tí a ń pè ní Najāshī. Àwọn Kùráíṣì rán àwọn aṣojú tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́, kí ọba lè dá wọn padà. Ja‘far ọmọ Abū Tālib ló dìde sọ̀rọ̀ fún àwọn mùsùlùmí níwájú ọba. Ó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ọba kọ̀, kò fi wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ẹni tó wà ní ilẹ̀ àjèjì nílò ẹnu tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ.

Ilẹ̀ Habasha yẹn ni Asmā’ ìyàwó Ja‘far ti bí àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé Mẹdínà, Ja‘far kú sójú ogun Mu’ta ní ọdún 629. Ànábì wa fúnra rẹ̀ ló lọ sí ilé náà. Ó pe àwọn ọmọ mọ́ra, ó sunkún, ó ní kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé Ja‘far, ó sì sọ ara rẹ̀ di alágbàtọ́ wọn. Kò rán ènìyàn lọ, kò sì dúró kí opó náà wá bá òun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i.

Kí ni iṣẹ́ kọ́ńsúlù?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn olówó àti àwọn òṣèlú nìkan ni ẹ́ḿbásì wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1963, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní ìlú Vienna lórí iṣẹ́ kọ́ńsúlù. Àmbásádọ̀ ni ó ń ṣojú ìjọba wa lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀. Kọ́ńsúlù ni ó ń bójú tó ọmọ Nàìjíríà: ẹni tó ń tajà, ẹni tó ń kàwé, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, ẹni tó kú.

Abala karùn-ún àdéhùn yẹn to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Pásípọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ìjẹ́rìí sí ìwé wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ òrukàn, ẹ gbọ́ èyí: ó sọ pé iṣẹ́ kọ́ńsúlù ni láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ọ̀ràn ogún, àti láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́, pàápàá níbi tí wọ́n bá nílò alágbàtọ́, níwọ̀n bí òfin ilẹ̀ náà bá ti gbà á láyè. Abala 36 sọ pé bí wọ́n bá mú àjèjì kan, tí ó sì béèrè, àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́ńsúlù orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìjáfara. Abala 37 ní bí ìròyìn ikú àjèjì bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà, kí wọ́n fi tó kọ́ńsúlù létí, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ kékeré kan bá nílò alágbàtọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Kọ́ńsúlù kò lè san gbèsè ẹnikẹ́ni. Kò lè yí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ padà. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n wà ló ń darí gbogbo rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni láti kọ lẹ́tà, láti béèrè, láti jẹ́rìí pé ọmọ wa ni ọmọ yìí. Lẹ́tà kan láti ẹ́ḿbásì lè mú kí ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù òkú pa ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà jíjìn

Níbo ni ìṣòro wà? Ọ̀nà jìn. Olú-ìlú ni ẹ́ḿbásì sábà máa ń wà, àwọn ènìyàn wa sì wà káàkiri. Ní Amẹ́ríkà, ẹ́ḿbásì wa wà ní Washington, kọ́ńsúlù wà ní New York àti Atlanta. Ẹni tó wà ní Houston, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, Atlanta ni wọ́n kà á mọ́. Ní Bìrìtìkó, London ni ọ́fíìsì aṣojú wa wà, bẹ́ẹ̀ ọmọ wa wà ní Glasgow. Ní Saudi Arabia, ẹ́ḿbásì wà ní Riyadh, kọ́ńsúlù sì wà ní Jeddah, èyí tó sún mọ́ àwọn alálàájì wa. Ní Cameroon, yàtọ̀ sí Yaoundé, a ní kọ́ńsúlù ní Douala àti Buea, nítorí ìjọba mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí.

Níbi tí kò bá sí kọ́ńsúlù nítòsí, ọ̀nà kan ṣì wà: kí àwọn òṣìṣẹ́ gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn ènìyàn. Wọ́n a di kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń gba ìtẹ̀ka, wọ́n a lọ sí ìlú tó jìnnà, wọ́n a jókòó ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n a ya fọ́tò àwọn ènìyàn, wọ́n a sì gbé e padà lọ kí a lè tẹ pásípọ́ọ̀tì. Nígbà tí pásípọ́ọ̀tì oní-ẹ̀rọ dé ní ọdún 2007, a kò lè fi rán ènìyàn mọ́, nítorí onítọ̀hún ní láti fi ìka ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlù Atlanta ti gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sí Houston rí.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kàn ń dìde ṣe. Àdéhùn Vienna ní kí orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n lálejò fọwọ́ sí i kí kọ́ńsúlù tó lè ṣí ọ́fíìsì sí ìlú mìíràn tàbí kó ṣiṣẹ́ ní ibi tí kì í ṣe agbègbè rẹ̀. Ó tún ń ná wọn lówó. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà ìlú kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pè wọ́n, kí wọ́n wá gbọ̀ngàn, kí wọ́n ka iye ènìyàn tó ń dúró dè wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí a máa béèrè rèé: pásípọ́ọ̀tì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tò sí nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí tábìlì kan wà níbẹ̀ fún opó àti ọmọ òrukàn. Kí ẹnì kan jókòó síbẹ̀ tí yóò béèrè pé, “Ta ló kú ní ìlú yìí lọ́dún tó kọjá? Níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà?” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ànábì wa kò dúró kí Asmā’ wá bá òun. Òun ló lọ.

Ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn wa

A kò gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Àwọn ènìyàn wa náà ń sá fún ìwé. Wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tì ṣe? Ọdún 30 ni mo ti wà níhìn-ín, ta ni kò mọ̀ mí?” Ohun tí àwọn bàbá wa sọ ní Gánà nìyẹn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí ti wà ní Kumasi àti Tamale fún ìran méjì. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò. Àwọn tó ti di onílé di ẹni tó ń sá. Ọ̀pọ̀ fi ọjà, ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà jáde ní Nàìjíríà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Lónìí ńkọ́? Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ẹnubodè Íjíbítì, àwọn 376 àkọ́kọ́ sì dé Abuja ní ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ́ḿbásì ló rọrùn láti wá rí. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Ẹni tó wà níbẹ̀ láìní ìwé, kí ó tètè wá ìwé.

Ọmọ ta ni ọmọ yìí?

Àwọn kan rò pé ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Irọ́ ni. Òfin wa ti 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà ìbí. Ẹ̀tọ́ náà wà. Ẹ̀rí ni ó máa ń kù. Ní Côte d’Ivoire, oṣù mẹ́ta ni òfin fún òbí láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n máa gbà lọ. Ohun tí bàbá lè ṣe lọ́sàn-án kan, opó rẹ̀ lè fi ọdún méjì lé e.

Sàká àti ogún

Ẹ̀yin Alfa wà níjòókòó, ẹ ó tún mi ṣe bí mo bá ṣì í. Àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí wà nínú Súrà at-Tawba, ẹsẹ 60. Ọmọ òrukàn kò sí níbẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ òrukàn. Ó ń gbà á nítorí pé ó jẹ́ aláìní. Ọmọ òrukàn tí ogún rẹ̀ bá tó o jẹun kì í ṣe aláìní. Kódà, ní màsíhàbù Mālik tí àwa ń tẹ̀lé, alágbàtọ́ yóò máa yọ sàká nínú owó ọmọ náà bí ó bá ti tó iye tí a ń yọ sàká lé lórí. Nítorí náà, àwọn ọmọ mẹ́ta yìí tí ń gba sàká lọ́wọ́ wa, bóyá àwọn ni ìbá máa yọ sàká fún ẹlòmíràn. Ẹ rí ohun tí àìsí ìwé fà.

Súrà an-Nisā’ ẹsẹ 6 pàṣẹ pé kí a pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń fi dúkìá ọmọ òrukàn lé e lọ́wọ́, ẹsẹ 10 sì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó bá jẹ owó rẹ̀. Ẹ̀rù ẹsẹ yẹn yẹ kó ba àwa náà tí a bá mọ̀ pé owó ọmọ wà níbì kan tí a kò sì béèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ lórí ìrìn-àjò wà lára àwọn mẹ́jọ náà. Opó tó há sí Bouaké láìní owó ọkọ̀ dé Abidjan, òun gan-an ni. Owó ọkọ̀ yẹn kéré. Ká ní ẹnì kan san án nígbà náà, bóyá a kì bá máa san owó ilé-ìwé lónìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí

Èkíní, ẹni tó bá ní ènìyàn ní ìdálẹ̀, kí ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ sí pásípọ́ọ̀tì rẹ̀. Kí wọ́n má jẹ́ kó kọjá.

Èkejì, bí wọ́n bá so yìgì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bímọ, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n bí i sí, kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà nílé níhìn-ín.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ń bá ènìyàn ṣòwò kọ àdéhùn rẹ̀, kí ó sì kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Súrà al-Baqara ẹsẹ 282 pàṣẹ kíkọ gbèsè sílẹ̀. Súrà al-Mā’ida ẹsẹ 106 sọ̀rọ̀ lórí ẹlẹ́rìí àsọtẹ́lẹ̀ fún ẹni tí ikú bá lójú ọ̀nà. Ta ni ó kàn ju ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ lọ?

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ẹ́ḿbásì àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà ìlú tí wọ́n wà.

Ẹ̀karùn-ún, bí ikú bá dé, kí ará ilé má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí ikú. Kí wọ́n kọ̀wé sí kọ́ńsúlù, kí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ àti ohun tí òkú fi sílẹ̀. Bí kò bá sí pásípọ́ọ̀tì lọ́wọ́ wọn, ẹ́ḿbásì lè fún wọn ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì tí wọ́n máa fi wálé.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo dábàá pé kí a ní fáìlì kan fún gbogbo ilé tó ní ènìyàn ní ẹ̀yìn odi, kí a yan ẹni méjì tí yóò máa kọ lẹ́tà sí ẹ́ḿbásì, kí ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Faransé. Kí a sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò fún owó ọkọ̀ ẹni tó bá há.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta náà dé. A kọ lẹ́tà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Bouaké bá wa lọ sí ilé-ẹjọ́, ìwé ìbí àwọn ọmọ méjèèjì sì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kò padà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti wà ní SS2 báyìí, ó sì ní òfin lòun fẹ́ kà ní yunifásítì.

Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìdálẹ̀ sí, kí Ó mú wọn bọ̀ wálé láyọ̀. Kí Ó kẹ́ àwọn tó ti kú síbẹ̀, kí Ó má jẹ́ kí ogún ọmọ òrukàn ṣègbé lójú wa. Kí Ó gba sàká yín, kí Ó fi ìbùkún sí èyí tó kù lọ́wọ́ yín. Āmīn.